Ẹ̀ẹ̀kan Péré Ni Wọ́n Lò Ó

Ọjà tòkunbọ̀ ni mò ń tà ní Peckham. Fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ, tẹlifíṣọ̀n tí àwọn òyìnbó ti lò títí tó ti sú wọn, n ó rà á, n ó nù ún, n ó kó o sínú kọ̀ǹténà, ó di Èkó. Iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi pé kò sí ohun tí èèyàn lò tí kì í fi nǹkan sílẹ̀ sára rẹ̀. Mo ti rí fíríìjì tí ọmọ kan lẹ àwòrán ẹja mọ́ nínú. Mo ti rí ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ìbọ̀sẹ̀ ẹni tó ti kú ṣì wà nínú rẹ̀. Tí oníbàárà bá wá bi mí pé ṣé kò tíì gbó, èsì kan náà ni mo máa ń fún un: "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lò ó." Irọ́ ni, oníbàárà náà mọ̀ pé irọ́ ni, a ó jọ rẹ́rìn-ín, ọjà á tà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo wà ní mọ́sálásí nígbà tí àwọn géńdé mẹ́ta fi irin já ilẹ̀kùn fúláàtì wa. Ọ̀sán gangan ni o. Ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ó ń sùn, àwọn ọmọ wa wà nílé ìwé. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n bá a. Wọn ò nà án, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan nínú wọn kàn gbé ọ̀bẹ lé ìrọ̀rí tèmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, ó ní kó má mira. Wọ́n kó góòlù rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọlọ́pàá wá, ó bá wa kẹ́dùn, ó lọ. Àwọn tó ni ilé ní àwọn á tún ilẹ̀kùn ṣe, pákó ni wọ́n kàn mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi kò ti sun orí bẹ́ẹ̀dì yẹn mọ́. Orí àga ní pálọ̀ ló ń sùn, á kọjú sí ilẹ̀kùn, á wọ bàtà sẹ́sẹ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Daddy, ẹ lọ sùn jàre, I'm fine." Ṣé ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ ló ń wọ bàtà sùn? Inú bí mi. Wọ́n wọ ilé mi, wọ́n gbé ọ̀bẹ lé ìrọ̀rí mi, èmi wà níbi tí mo ti ń forí kanlẹ̀. Ojú tì mí ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ.

Nílé bàbá mi, ìbọn ṣakabùlà kan wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò rí i kí wọ́n yìn ín rí, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, olè kì í sì í ya ọ̀dọ̀ wa. Ibẹ̀ ni ọkàn mi lọ. Mo mọ̀ pé ìlú yìí kì í ṣe ìlú bàbá mi. Ìbọn ìléwọ́ níhìn-ín, ẹ̀wọ̀n ni, kò sí àlàyé. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó máa ń kó ẹrù wá fún mi látinú ilé àwọn tó bá kú. Ọmọ tiwa ni, ibí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ò lórí kò nírù, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń kí àgbà. Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Bí a ṣe ń sọ ẹ̀rọ ìfọṣọ kalẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn.

"Uncle, mo sorry about Aunty, wallahi. Ṣé ẹ need something fún house yẹn? Something small."

"Something bíi kí ni?"

Ó na ìka méjì jáde bí ẹnu ìbọn, ó tún yára ká wọn padà. "Kò ní box o, ṣùgbọ́n it's clean. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lò ó."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu èmi ló ti kọ́ gbólóhùn yẹn. Mo ní kó bá mi fi í pamọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí n ó fi í sí tí ọwọ́ àwọn ọmọ wa ò ní tó o.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni àlùfáà wa pè mí. Mo wà lára àwọn ọkùnrin tó ń wẹ òkú ní mọ́sálásí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n yìnbọn pa lójú títì. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ̀ǹda òkú rẹ̀ ni. Mo mọ bàbá rẹ̀. Ó ń wa bọ́ọ̀sì, sáfù kan náà, ìlà ìrun kan náà, la sì jọ máa ń tò sí lọ́jọ́ Jímọ̀. Lewisham ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Ọmọ tí a bá bí sókè òkun, Tòkunbọ̀ là ń pè é.

A tẹ́ ẹ, a faṣọ bò ó láti ìdodo dé orúnkún. Apá ọ̀tún ni mo ti bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe é. Àwọn dókítà ti là á, wọ́n ti rán an padà, ìyẹn ò bà mí lẹ́rù, mo ti rí irú rẹ̀ rí. Ihò kékeré kan lókè ọmú òsì ni mò ń wò. Ẹyọ kan. Àtàǹpàkò mi ì bá dí i. Omi ń wọ̀ ọ́, omi ń tibẹ̀ jáde, a sì gbọ́dọ̀ fi òwú dí i kí kàfáànì, aṣọ òkú náà, má baà rin. Èmi ni mo dí i. Bí mo ṣe ń ti òwú náà bọ̀ ọ́, mo gbọ́ ohùn ọ̀dọ́kùnrin ẹlẹ́rù yẹn létí: ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lò ó. 

Bàbá ọmọ dúró níbi orí, òun ló ń bu omi fún wa.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ṣé omi yẹn ò gbóná jù fún un?"

Àlùfáà ti ọwọ́ bọ omi náà. Ó ní, "Kò gbóná jù, Daddy."

Mi ò sọ pé ìbọn kan náà ni o. London tóbi. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo bá rà ni mo máa ń wo inú rẹ̀ kí n tó nù ún, èyí ni mo fẹ́ gbé wọlé láìbéèrè. Bí mo ṣe jáde níbẹ̀, mo pe ọ̀dọ́kùnrin tó ń kó ẹrù wá fún mi.

"Ẹ̀ẹ̀kan tí o ní wọ́n lò ó yẹn, ara ta ni?"

Ó ní, "Ah, Uncle. Nobody asks that one."

"Èmi ń béèrè."

"Then ẹ fi sílẹ̀. It's calm. Someone else máa mú un."

A sin ọmọ náà lọ́jọ́ kejì. Bí àwọn èèyàn ṣe ń túká ní ibojì, bàbá rẹ̀ gbá ọwọ́ mi mú. Iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Alhaji, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tajà, ẹ mọ èèyàn. Mo still ní ọmọkùnrin kan nílé, àbúrò ẹ̀. Kò lọ school mọ́, kò jáde. Mo fẹ́ nǹkan tí n ó fi ṣọ́ ọ."

Kò sí ohun tó sọ tí èmi náà ò ti sọ nínú ọkàn mi. Ó wù mí kí n sọ ọ̀rọ̀ ihò yẹn fún un, ṣùgbọ́n òun náà ti rí i.

"Mi ò mọ ẹnikẹ́ni," mo wí.

"Ẹ mọ èèyàn," ó ní. Ó ju ọwọ́ mi sílẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀dọ́kùnrin ẹlẹ́rù yẹn tún kó ẹrù dé. Mo bi í léèrè nǹkan ọjọ́sí.

"Gone, Uncle. Daddy kan ló mú un. He didn't even ná an. Jacket àwọn bus driver ló wọ̀, ó ń sunkún sef."

Mo jókòó sórí ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo yọ fóònù, mo tẹ nọ́ńbà ọlọ́pàá, mo pa á, mo tún un tẹ̀, mo tún un pa. Ta ni n ó ní kí wọ́n lọ mú, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ? Bí mi ò bá sì pè, inú ilé tí ọmọ kejì wà ni nǹkan yẹn wà. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí wọ́n já ilẹ̀kùn wa lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá náà wá tò sí ẹ̀gbẹ́ mi, èjìká kan èjìká. Lẹ́yìn tí a kírun tán, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó mi. Mo ní ó wà dáadáa. Kò tún bi mí bóyá mo mọ èèyàn.