Àpò Ìbọn Tí Mo Rán Sábẹ́ Bùbá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Dublin, lọ́dún tí mo fẹ́ máa gbé ìbọn kiri. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi Làmídì télọ̀, tó jẹ́ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà, tí mi ò pa ju adìẹ àti àgbò iléyá lọ láyé mi, èmi náà ni mò ń sọ.

Àsìkò yẹn, owó ń rìn nílùú yìí. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ́lé, tí kírénì dúró lókè bí igi tí kò léwé. Àwọn èèyàn ń ra kóòtù tuntun lójoojúmọ́, èmi ni wọ́n sì ń gbé e wá fún kí n gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Ní Phibsborough ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń jẹ́ Carmel. Òun ń fọṣọ, èmi ń tún aṣọ ṣe ní kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọmọ mi Ràsákì ló mú mi wá síbí nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Inú ilé rẹ̀ ní Mulhuddart ni mò ń gbé, èmi, òun, ìyàwó rẹ̀ Ṣẹ̀rífátù, àti ọmọ wọn obìnrin, Àmínátù, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ràsákì ń wa takisí.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, ní ọ̀sán gangan, ó gbé ọkùnrin méjì. Wọ́n yìnbọn lù ú nínú mọ́tò rẹ̀.

Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́.

Mo rántí gbogbo ẹni tó wá kí wa. Álífà Sùlèmánù, tí àwa méjèèjì jọ wẹ òkú ọmọ mi. Ìyá Bùsárì, tó ń gbé oúnjẹ wá títí ó fi pé ogójì ọjọ́. Breda, ará ilé kejì, tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ ànàmọ́ wá, tó jókòó tì wá. Títí dòní, bí mo bá dùbúlẹ̀, mo máa ń ka orúkọ wọn.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ẹ̀rù ló kù sílé pẹ̀lú wa. Ṣé ẹ ti rí ẹ̀rù tó ń bá èèyàn wọ bọ́ọ̀sì rí? Bí ẹnì kan bá wọlé tó fi fìlà aṣọ rẹ̀ borí, màá bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn. Bí Àmínátù bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́ láti ilé ìwé, mo ti wà lẹ́nu géètì. Mò ń bi ara mi pé, bí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ àwọn méjì tó kù fún mi yìí, kí ni mo fẹ́ fi gbà wọ́n sílẹ̀? Ṣé àlùmọ́gàjí ni?

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń jẹ́ Múfútàù. Ó ń wa ọkọ̀ ẹrù fún ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mulhuddart níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ kan, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ṣé mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́pàá ti ń fún èèyàn ní láísẹ́ǹsì ìbọn ìléwọ́ báyìí? Ó ní ó pẹ́ gan-an tí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n ti ṣí i díẹ̀. Ó ní òun mọ ọkùnrin kan tó ń tà á ní ìgbèríko, Dónal lorúkọ rẹ̀, òun ti gbé ẹrù fún un rí.

Mo bi í bóyá ó rò pé ó dáa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó pa Ràsákì ò béèrè bóyá ó dáa."

Mo ní ká lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé mi débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, láàárín oko, àgùntàn ń jẹ lẹ́yìn fèrèsé. Dónal ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó wọ súwẹ́tà tí ìgùnpá rẹ̀ ti jẹ. Ojú mi kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, mo fẹ́ bá a lẹ̀ ẹ́. Ó tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sórí tábìlì, ó to ìbọn mẹ́ta síbẹ̀ kí n yàn.

Èyí àkọ́kọ́ wúwo bí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Mo gbé e, mo gbé e padà. Èkejì ni èyí tí ikùn rẹ̀ máa ń yí, tí ọta ń jókòó yíká nínú rẹ̀. Dónal ní kì í fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà, àgbàlagbà lè lò ó. Àmọ́ ikùn yẹn yọ jù, ó máa hàn lábẹ́ aṣọ. Ẹ̀kẹta pẹlẹbẹ, ó kúrú, ó bá àtẹ́lẹwọ́ mi mu. Mo ní èyí ni mo fẹ́. Kí ni mo ṣe? Mo gbé bùbá mi sókè, mo kì í bọ ìbàdí ṣòkòtò mi, mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, bí ẹni tó ń wọ aṣọ wò. Mo bi Dónal bóyá ó hàn.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe gan-an. Mo sọ fún un nípa Ràsákì, mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

Ó rọra gba ìbọn náà lọ́wọ́ mi. Ó ní òun kẹ́dùn pẹ̀lú mi. Lẹ́yìn náà ló wá là á yé mi pé kò sí ẹni tí ìjọba ibí ń fún láṣẹ láti gbé ìbọn ìléwọ́ sára rìn. Ní kíláàbù àwọn tó ń yìnbọn ṣeré, bébà nìkan lèèyàn lè máa yìn ín sí, inú àpótí tó ní àgádágodo ni wọ́n sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Ó ní bí mo bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé mo fẹ́ fi dáàbò bo ara mi, wọn ò ní fún mi láéláé. Ó ní kí n lọ sílé, kí n lọ wà pẹ̀lú àwọn èèyàn mi.

Ṣé mo gbọ́? Rárá o.

Nínú ọkọ̀, Múfútàù bá mi wí bí ẹni pé èmi ni àbúrò. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹ sọ òótọ́? Ẹ kọ ọ́ pé bébà lẹ fẹ́ máa yìn ín sí. Ta ló máa wá ká bùbá yín sókè wò?"

Mo lọ gba fọ́ọ̀mù ní àgọ́ ọlọ́pàá. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìdí, mo kọ ọ́ pé eré ìdárayá ni, pé mo fẹ́ràn àtimáa yìnbọn sí bébà. Èmi tí mò ń kírun márùn-ún lójúmọ́! Ọwọ́ mi yìí náà ló kọ ọ́. Mo fi í pamọ́ sínú press abẹ́ àtẹ̀gùn, kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí. Mo ní bí mo bá ti rí kíláàbù tó máa gbà mí, màá mú un lọ.

Kó tó dìgbà yẹn, mo ní kí n rán àpò ìbọn sílẹ̀. Ẹ sáà mọ̀ pé télọ̀ ò lè ra ohun tó lè rán. Breda ń ju àga aláwọ kan nù, nítorí gbogbo èèyàn ló ń ra àga tuntun nígbà yẹn. Mo gé awọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbẹ́ igi kan kó rí bí ìbọn pẹlẹbẹ yẹn gẹ́lẹ́, mo fi pólíìṣì bàtà kùn ún dúdú, kí n lè fi wọn àpò náà. Bí a ṣe ń ṣe é nínú iṣẹ́ wa nìyẹn. O ò kàn ní rán aṣọ kí o gbé e fún oníbàárà, ó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ wò, kó jókòó, kó dìde.

Mo rán an sí abíyá, apá mi ò lè wálẹ̀ dáadáa. Mo dì í mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún mi tó ti gbó ò jẹ́ kí n tètè bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e síwájú, ikùn mi tì í jáde. Mo wá rán an mọ́ ìgbànú lẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, bùbá sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo dúró níwájú dígí, mo yẹ iwájú, mo yẹ ẹ̀gbẹ́, mo yẹ ẹ̀yìn. Mo ki igi yẹn sínú rẹ̀, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo jókòó nínú bọ́ọ̀sì, kò gún mi. Carmel kọjá lẹ́yìn mi láàárọ̀ títí dalẹ́, kò rí nǹkan kan.

Inú mi dùn, kí n má purọ́ fún yín. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀lú igi lásán.

Ọjọ́ kẹrin ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ilé wa ṣe rí. Nígbà tí Ràsákì wà láyé, òun ló ń kírun síwájú wa, nítorí ó gbọ́ Kùránì jù mí lọ. Nígbà tó kú, èmi ni mo bọ́ síwájú. Ṣẹ̀rífátù àti Àmínátù máa ń tò sẹ́yìn mi, ọmọ lápá ọ̀tún ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, Àmínátù ti ilé ìwé dé, mo bọ́ síwájú fún Alásárì. Alásárì kì í pariwo, ẹ mọ̀ ọ́n, kálukú ń ké e sínú. Mo bẹ̀rẹ̀ fún rúkúù. Mo forí kanlẹ̀. Mo gbọ́ tí Àmínátù fa èémí, mo rò pé ikọ́ ni. Mo dìde, mo tún bẹ̀rẹ̀, mo tún forí kanlẹ̀, títí ó fi pé ráká mẹ́rin. Mo sálámà sọ́tùn-ún, mo sálámà sósì. Mo yíjú padà láti ṣàdúà fún wọn.

Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi.

Ẹní méjèèjì wà nílẹ̀. Etí ọ̀kan ti ká, bí ìgbà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ ọ́. Ìgbà yẹn ni mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. Bùbá mi ti ká dé àárín ẹ̀yìn, igi dúdú yẹn sì wà ní gbangba. Mo ti wo gbogbo ara mi tán nínú dígí, àmọ́ mo gbàgbé pé lójoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀rẹ̀ níwájú àwọn méjì tí mo torí wọn rán an.

Mo gòkè. Wọ́n ti tilẹ̀kùn yàrá mọ́rí. Mo ń sọ fún wọn láti ìta pé igi ni, igi lásán ni, mo tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn, kò gbà á. Àmínátù ló sọ̀rọ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe máa ń fèsì fún mi. "Granda, are you one of them now?" Ó ń bi mí bóyá èmi náà ti di ọ̀kan lára àwọn tó pa bàbá òun.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Nígbà tó yá, Ṣẹ̀rífátù ṣílẹ̀kùn. Ó wo igi náà, kò fọwọ́ kàn án. Ó kúnlẹ̀, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ látọjọ́ tó ti wọlé wa. Ó ní, "Bàbá, igi ni tòní. Tọ̀la ńkọ́?"

Fọ́ọ̀mù wà nínú press. Mo lọ mú un wá, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó dé ibi eré ìdárayá, ó gbójú sókè wò mí, ó dá a padà fún mi. Mo ya á lójú rẹ̀. Mo lọ gbé àlùmọ́gàjí, mo gé àpò náà sí wẹ́wẹ́, mo sì sọ igi yẹn sínú bíìnì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, orúnkún rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Síbẹ̀, wọ́n lọ. Kò bínú o, ẹ má bú u fún mi. Ó ní òun mọ̀ pé ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Ó ní àmọ́ bí òun bá ti rí mi tí mo bẹ̀rẹ̀, inú mọ́tò tí wọ́n ti pa Ràsákì lòun máa ń bá ara òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bílíkísù ń gbé ní Rush, ìlú kan létí òkun, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onídígí tí wọ́n ti ń gbin tòmátì. Ibẹ̀ ni wọ́n kó lọ, èmi sì kù nílé Ràsákì.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ kí wọn. Wọ́n ṣe mí dáadáa, Àmínátù mú mi lọ wo òkun. Nígbà tí àkókò Alásárì tó, Ṣẹ̀rífátù tẹ́ ẹní kan ṣoṣo fún mi ní pálọ̀. Ó ní òun àti ọmọ máa kí tiwọn lókè.

Ó ti lé lọ́dún méjìdínlógún báyìí. Àmínátù ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gbé mi lọ sí ọsibítù, òun ló ń kán oògùn sójú mi, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá gbàgbé ibi tí mo fi awò mi sí. Àmọ́ láti Alásárì ọjọ́ yẹn, kò tíì kírun lẹ́yìn mi mọ́. Mi ò bi í rí. Òun náà ò sọ ọ́ rí.

Ohun tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà, tí ẹ ń wá ohun tí ẹ máa fi dáàbò bo àwọn èèyàn yín, ẹ kọ́kọ́ lọ dúró níbi tí wọ́n dúró sí, kí ẹ wo ara yín láti ibẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀rù ti mú yín ṣe ohun tó lé ẹni tí ẹ fẹ́ràn jìnnà rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Bí ẹ bá sì ti rí ọ̀nà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi padà sẹ́yìn yín, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún, mo sì fẹ́ mọ̀ ọ́n kí n tó lọ.