Abo Màlúù Tó Bá Akọ Wáyé

Ọdún kẹrin tí mo dé ilé ọkọ ní Massè ni màlúù ọkọ mi bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Faransé ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí nígbà náà. N kò tíì lóyún rí.

Àgbẹ̀ ni ọkọ mi, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn. Màlúù kan ṣoṣo tó ní wà lọ́dọ̀ Fúlàní tó ń bá àwọn ará abúlé wa da ẹran. Fúlàní ló ń mu wàrà rẹ̀, ọkọ mi ló ni ọmọ tó bá bí. Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, ọkọ mi sáré wá bá mi nídìí ààrò.

"Màlúù wa bí ìbejì! Ìwọ náà sì rèé, ìbejì ni ọ́. Mo fún ọ ní abo yẹn. Bó bá dàgbà, gbogbo ọmọ tó bá bí, tìrẹ ni."

Lóòótọ́ ni. Èmi àti arákùnrin mi ni ìyá wa bí lọ́jọ́ kan náà ní Ikpinlè. Arákùnrin mi kú kó tó mọ ìrìn.

Nígbà tí a lọ wo àwọn ọmọ màlúù náà, Fúlàní mi orí. Ó ní, "Abo tó bá bá akọ wáyé kì í sábà bímọ." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé ṣe ló fẹ́ rà á lọ́pọ̀.

Mo fẹ́ràn ẹran yẹn. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí mo bá bó, òun ni mo ń gbé e lọ fún. Bó bá ti gbóhùn mi, á ti máa bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bímọ, òun kò bí. Ọrùn rẹ̀ ki bíi ti akọ, ọmú rẹ̀ kò yọ, àwọn akọ màlúù sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wa ni ìyá ọkọ mi ń gbé. Ọkọ mi nìkan ló kù fún un nínú gbogbo ọmọ tó bí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, "Ìyàwó ò bí, ẹran ìyàwó ò bí."

Nígbà tó yá, ìjọba rán dókítà ẹran wá sí Adja-Ouèrè láti gún àwọn màlúù lábẹ́rẹ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la tẹ̀ lé Fúlàní lọ. Ará Àjàṣẹ́ ni dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ṣòkòtò péńpé. Ó fọwọ́ wo ẹran mi lábẹ́ ìrù, ó fọ ọwọ́.

"Ta ló bá a wáyé?"

"Akọ ni," ni ọkọ mi wí.

"Kò lè bímọ. Nínú ìyá wọn, iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì so pọ̀. Ohun tó ń sọ akọ di akọ gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ ara abo, kò jẹ́ kí ilé ọmọ rẹ̀ dàgbà. Kò lóògùn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni."

Ìyá ọkọ mi yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀.

"Ìyàwó wa yìí, òun àti ọkùnrin ni wọ́n jọ wá."

Dókítà ta gìrì. "Rárá o, ìyá! Ti màlúù lọ̀tọ̀, ti ènìyàn lọ̀tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìbejì tiwa kì í dà pọ̀ báyẹn. Àwọn obìnrin tó bá ọkùnrin wáyé ń bímọ."

"Dókítà ẹran ni yín. Kí lẹ mọ̀ nípa ènìyàn?"

Mo wo ọkọ mi, pé kó fọhùn. Okùn màlúù ló ń so mọ́ èèkàn. Ó ti so ó tán, ó tún ń so ó.

Kò pé tí alápatà fi wá mú ẹran náà lọ. Ọkọ mi ní, "Màá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ fún ọ."

Mo ní, "Èmi ńkọ́? Ta lẹ máa fi rọ́pò mi?"

Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti gbé ìyàwó tuntun wọlé. Ǹ bá bá a gbé, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ní kí n má kó àgàn ràn án. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ru ẹrù mi dé Ikpinlè. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá mi, ó ní, "Má bínú," ó sì yí padà.

Lẹ́yìn ọdún méjì, adẹ́mu kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú fẹ́ mi. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo bí obìnrin.

Mo pọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí mo rí ọkọ mi àkọ́kọ́ lọ́jà Adja-Ouèrè. Ó ti rù. Mo ti gbọ́ pé ìyàwó tuntun náà kò tíì bímọ.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ mi ni."

Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà.

"Ẹ gbọ́ ohun tí dókítà yẹn sọ, àbí ẹ ò gbọ́?" ni mo bi í.

"Mo gbọ́," ó wí. "Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ìyá mi ni n kò lè dá lóhùn."

N kò bínú sí i mọ́, ó kàn dùn mí ni.

Kí a tó kórè àgbàdo ọdún yẹn, ọkọ mi àkọ́kọ́ náà kú. Wọ́n ti sin ín tán kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹ̀yìn ilé ni mo lọ sunkún rẹ̀ sí, kí adẹ́mu tó fẹ́ mi má bàa rí mi.