Ẹni Tí Ó Máa Ń Wo Ilẹ̀

"Ìyàwó, wo ilẹ̀ kí o tó gbẹ́sẹ̀!" Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣe máa ń kí mi nìyẹn tó bá dé àgbàlá wa ní Tafo, ní Ghana. Iṣẹ́ rẹ̀ lókè òkun ni kí ó máa hú bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun.

Ọmọ mi pé ọdún kan àtààbọ̀, kò rìn, ọkàn mi ò balẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dìde, ó di ilẹ̀kùn mú. Mo fẹ́ sáré gbé e.

"Dúró!" Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, ó fọwọ́ ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ṣa abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi méjì, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà funfun méjì. "Àárín funfun kò séwu. Bra!" ó fi èdè Twi pe ọmọ, "ọmọ mi, máa bọ̀!"

Ọmọ rìn dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbé e, ó ń fò káàkiri àgbàlá.

"Bùọ̀dá mi, ẹ wo ilẹ̀ o!"

Kò tilẹ̀ gbọ́ mi.