Ìka Bàbá Ìdòwú Lórí Fọ́ọ̀mù Mi

Ará Ìjẹ̀bú ni ọ̀gá pósífísì wa ní Igbó-Ọrà nígbà náà. Kì í tú lẹ́tà onílẹ́tà, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Bí lẹ́tà òkè òkun bá dé fún mi, yóò gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, yóò jù ú sókè díẹ̀, yóò wá wò mí lójú.

"Tísà, ẹ má bínú o. Eléyìí náà fẹ́lẹ́."

Òun ló là mí lóye pé bí yunifásítì bá gba èèyàn, àpò ìwé á nípọn, nítorí àwọn fọ́ọ̀mù tí èèyàn máa kún á wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ èèyàn, ewé kan ṣoṣo ni. Láàárín ọdún méjì, lẹ́tà fẹ́lẹ́ mẹ́rin ni mo gbà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ báyìí, ẹni tí ojú rẹ̀ ń tì mí sì ti kú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìtàn àti iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní girama. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ìtàn. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ìdòwú ní àdúgbò Pákò ni mo ti kọ́ ọnà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ère ìbejì ló ń gbẹ́ fún àwọn ìyá tí ọ̀kan nínú ìbejì wọn bá kú. Ní ìlú tí wọ́n ti ń bí ìbejì tó tiwa, iṣẹ́ kì í wọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bàbá tó bí mi, mùsùlùmí tó ń ta aṣọ, kò fẹ́ kí n débẹ̀ rárá. Ó ní òun kò bí ọmọ fún ère. Mo bá ń yọ́ lọ. Gbogbo ìgbà tí ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi, ibẹ̀ ni mo wà, ọdún méje gbáko.

Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ní. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́: àáké la fi ń ṣe é, kí orí, àyà àti ẹsẹ̀ lè yà lára igi ìrẹ́. Àlétúnlé ló tẹ̀lé e, níbi tí etí, imú àti ọwọ́ ti máa ń jáde. Lẹ́yìn náà la ó fi abẹ dán an. Fínfín ló gbẹ̀yìn, ìyẹn ojú, irun àti ilà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá igi mú, ara mi ò balẹ̀, mo ti fín ojú sí i kí n tó ṣe ọnà lílé tán. Bàbá Ìdòwú gbé e sókè han ìyàwó rẹ̀ tó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ìyá Ìdòwú, wá wo nǹkan. Ó ti la ojú fún ẹni tí kò ì tíì ní orí."

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó le jù lẹ́nu rẹ̀ fún mi: "O yára." Ì bá sàn kó nà mí.

Bàbá yìí lè mú ère tó ti dàgbà ju èmi lọ, kó fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀, kó sì dárúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Àwọn ìwé tí mo kà ní Ìbàdàn sì ń wí pé a kò mọ ẹni tó gbẹ́ àwọn ère wa. Ó máa ń bí mi nínú. Ta ni kò mọ̀ wọ́n? Mo pinnu pé màá gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà, kí n lè kọ orúkọ wọn síwèé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lè pa á rẹ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, mo kọ̀wé sí yunifásítì mẹ́ta lókè òkun.

Fọ́ọ̀mù náà béèrè orúkọ ẹni mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ mi, tó sì lè jẹ́rìí mi. Mo kọ orúkọ olùkọ́ mi kan ní Ìbàdàn, mo kọ ti ọ̀gá ilé-ìwé wa. Ní ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ iṣẹ́ bá fẹ́ gba òmìnira, ọ̀gá tó kọ́ ọ ló ń dìde sọ pé ó ti mọ̀ ọ́n. Mo yá páàdì íǹkì lọ́wọ́ ọ̀gá pósífísì, mo gba Pákò lọ. Bàbá Ìdòwú wẹ ọwọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Kọ ọ́ pé, ọmọ yìí bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún méje. Ó máa ń yára tẹ́lẹ̀. Kì í yára mọ́. Bó bá wo ère, tó sì ní ọwọ́ mi ló gbẹ́ ẹ, ọwọ́ mi ni. Ẹ gbà á."

"Bàbá, ṣé kí n kọ ti yíyára yẹn náà?"

"Kọ ọ́. Bí wọ́n bá rí i pé mi ò purọ́ níbẹ̀, wọn á gba ìyókù gbọ́."

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó tẹ̀ka sí i. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí mo bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń béèrè pé, "Àwọn èèyàn wa ò ì tíì fèsì?" Àwọn èèyàn wa ló ń pè wọ́n.

Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ kò ṣàlàyé nǹkan kan. Ẹ̀kẹta ṣàlàyé. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn tí mo pè ní ẹlẹ́rìí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, àwọn kò mọ ohun tí àwọn lè fi ẹ̀rí rẹ̀ ṣe, àti pé bí mo ṣe fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ mú àwọn ṣiyèméjì bóyá ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ jẹ́ yé mi.

Iwájú pósífísì ni mo ti kà á. Ní ọ̀sẹ̀ náà mo na àwọn ọmọ kíláàsì mi nítorí ohun tí kò tó nǹkan, ọ̀kan nínú wọn tó ti ní ọmọ-ọmọ ṣì ń rán mi létí. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni pé kì í ṣe àwọn òyìnbó nìkan ni mò ń bínú sí. Mò ń bínú sí Bàbá Ìdòwú. Mò ń bínú sí àtàǹpàkò rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, irọ́ ni mo pa. Mo ní wọ́n sọ pé mo ti dàgbà jù.

"Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n? Ṣé wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣaya ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò dùn mọ́ mi.

Lọ́dún kejì mo tún kọ̀wé, sí ibì kan ṣoṣo. Mo yọ orúkọ Bàbá Ìdòwú, mo fi ti alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ kan ní Èrúwà rọ́pò rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti sọ fún mi rí pé iná ló yẹ gbogbo ère. Ó kọ Gẹ̀ẹ́sì tó dùn nípa mi. Lẹ́tà fẹ́lẹ́ kẹrin dé. Mo ti ta ọ̀gá mi, n kò sì rí owó rẹ̀ gbà.

Lọ́dún tí a fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn, òyìnbó ọ̀dọ́ kan dé sí ìlú wa. Oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà ló ń kà, ní yunifásítì tó kọ lẹ́tà kẹta sí mi gan-an. Ó fẹ́ kọ́ nípa àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n máa ṣe ògbufọ̀ fún un. Ọmọ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ balẹ̀, ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń jẹ. Ká sòótọ́, ì bá wù mí kó burú. Oṣù mẹ́ta ni Bàbá Ìdòwú fi ń sọ, tí mò ń túmọ̀, tí òyìnbó ń kọ.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá gbé àáké rẹ̀ sílẹ̀.

"Tísà, bá mi bi í. Ṣé ìwé tí mo tẹ̀ka sí dé ilé-ìwé wọn?"

Òyìnbó gbé bírò, ó ń wò mí. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dúpẹ́. Mo yíjú padà.

"Ó ní òun kọ́ ló ń gba lẹ́tà níbẹ̀."

Bàbá Ìdòwú wo òyìnbó. Àmù omi ni òyìnbó ń wò. Bàbá wá wò mí.

"O yára," ó ní, ó sì gbé àáké rẹ̀.

Òyìnbó lọ. Nígbà tó yá, mo ń gba iwájú pósífísì kọjá, ọ̀gá pósífísì sáré jáde.

"Tísà! Ó nípọn! Ọlọ́run ti ṣe é!"

Ìwé tí òyìnbó fi gba oyè ni. Gbogbo ojú ewé ni orúkọ Bàbá Ìdòwú wà: Bàbá Ìdòwú sọ pé, Bàbá Ìdòwú jẹ́rìí pé. Èmi náà wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, lójú ewé àkọ́kọ́, níbi tó ti kọ ọ́ pé olùkọ́ kan ní ìlú náà ló bá òun túmọ̀.

Mo gbé e lọ sí Pákò. Ojú Bàbá ti ń ṣú nígbà náà. Mo ka díẹ̀ fún un.

"Wọ́n fún un lóyè náà?"

"Wọ́n fún un, Bàbá."

"Ta ló jẹ́rìí fún un?"

Irọ́ ti tán lẹ́nu mi. "Ẹ̀yin ni. Ẹ̀rí yín ló kún inú rẹ̀."

"Èmi tí wọn ò gba ẹ̀rí mi?"

"Bàbá, ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Lọ́dún kejì, o ò gbé íǹkì wá mọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí èérún igi. Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé orúkọ tèmi ńkọ́ nínú ìwé. Mo ní kò sí, pé olùkọ́ kan ni wọ́n pè mí.

"Dìde. Lọ gbé íǹkì wá."

Mo lọ yá a. Mo fi ọwọ́ rẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti kọ olùkọ́ kan, ó tẹ̀ka síbẹ̀. Ó ní kí n kọ orúkọ mi sábẹ̀ ìka náà. Mo kọ ọ́.

N kò kọ̀wé sí yunifásítì kankan mọ́ láyé mi. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi títí dòní. Èyí tó wà ní yunifásítì wọn kò ní ìka lára.