Ọkọ̀ Tó Fẹ̀yìn Gun Òkè Oko Àna Mi

Òórùn táyà tó ń yí lórí amọ̀ tútù láìlọ síbì kan kì í tètè kúrò nímú ẹni. Bí mo bá gbóòórùn rẹ̀ lónìí, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́kún, nítorí ẹni tó dúró lókè tó ń wò mí ni bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ọmọbìnrin náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà ní Ìkọ̀lé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kékeré kan, pupa fòò, irú èyí tí táyà iwájú máa ń fà. Kò sí fídíò eré ìje ọkọ̀ tí n kò tíì wò tán lórí fóònù, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé ibi tí wọ́n bí mi sí nìkan ló ṣèdíwọ́, èmi náà ìbá ti máa gba ife-ẹ̀yẹ. Láàárín Ìkọ̀lé sí Ọyẹ́, kò sí kọ́nà tí n kò mọ bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ pẹ̀lú eré. Àwọn ewúrẹ́ ẹ̀bá títì pàápàá mọ ìró ẹ́ńjìnnì mi, wọ́n á ti sá kí n tó yọ.

Bàbá ọmọbìnrin náà ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá ń dáko iṣu ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Ọkọ̀ àtijọ́ gígùn kan ló ń wà, èyí tí táyà ẹ̀yìn ń tì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí i, mo ti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè nípa ìdílé mi àti ìjọ tí mo ń lọ. Kò béèrè ọ̀kankan. Ìdí ọkọ̀ mi ló lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀.

“Táyà wo ló ń ṣuṣẹ́ níbẹ̀?”

“Tiwájú ni, sà.”

“Háà. Uṣẹ́ méjì lọ́rùn ẹsẹ̀ kan. Òun ni kó fà, òun náà ni kó yà. Bí o bá wá sáré wọ kọ́nà, èwo ni kó ṣe nínú méjèèjì?”

Ọmọlúàbí ì bá rẹ́rìn-ín músẹ́, kó ní Bàbá ló mọ̀ jù. Èmi kọ́. Mo ní ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì, bí wọ́n bá fún un níná jù nínú kọ́nà, ìdí rẹ̀ á yọ̀ lọ sínú igbó kí orí tó mọ̀. Ó ní ìdí tó ń yọ̀, ẹni tó mọ ọkọ̀ wà á fi ìtọ́kọ̀ ọwọ́ rẹ̀ pè é padà, ṣùgbọ́n orí tó bá kọ̀ tí kò yà, ta ni yóò pè é? Iyán tí ìyá ọmọbìnrin náà gbé wá fún wa tutù síwájú wa. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà tí mo débẹ̀ tí a kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a dúró sí. Ọmọbìnrin náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ṣé èmi lo wá fẹ́ ni, àbí o wá borí bàbá mi?” Mo ní àwọn méjèèjì.

Ìgbà tí iṣu oko rẹ̀ gbó tó láti wà ni Bàbá wá dá ìdánwò kan sílẹ̀. Láyé àtijọ́ ládùúgbò wa, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹni á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna rẹ̀, wọn á kọ ebè títí ẹ̀yìn wọn á fi kán. Bàbá ní òun kò ní kí n kọ ebè, ọwọ́ mi kò jọ ọwọ́ ẹni tó lè kọ ọ́.

“Uṣu mi ni kí o ṣáà gbé dé ulé,” ló wí. “Bí ọkọ̀ rẹ bá gbé e gun òkè oko yẹn, máa kó àwọn ẹbí rẹ bọ̀. Bí kò bá gbé e, a ṣì ń bára wa sọ̀rọ̀.”

N kò mọ̀ bóyá àwàdà ni tàbí òótọ́. N kò sì rójú béèrè.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Ní gbogbo àgbègbè wa, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọkọ̀ tí yóò gun òkè amọ̀, búùtù rẹ̀ ni wọ́n ń di ẹrù sí. Àwọn awakọ̀ wa tilẹ̀ máa ń wá òkúta sí i bí wọn kò bá rẹ́rù. Ibẹ̀ ni èmi náà di iṣu sí, mo tò ó kún dẹ́múdẹ́mú, mo sì fi ọwọ́ lu ìdérí rẹ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Bàbá ló kọ́kọ́ gun òkè. Ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ń mì lọ mì bọ̀, ṣùgbọ́n ó gùn ún. Ó wá kàn mí. Mo dé àárín òkè, táyà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí yí lásán, ọkọ̀ sì ń fà mí padà sísàlẹ̀. Mo tún sáré wá láti ọ̀nà jíjìn, ó tún yí, amọ̀ ta sí mi láṣọ láti ojú fèrèsé. Bàbá fara ti ọkọ̀ rẹ̀ lókè, ó ń wò mí. Ìbá bú mi, ìbá dùn mọ́ mi ju wíwò yẹn lọ.

Ọmọbìnrin náà bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi.

“Uṣu ti pọ̀ jù lẹ́yìn, uwájú wá fúyẹ́,” ó ní. “Uwájú yẹn kan náà lo sì ní kó fà ọ́. Kó díẹ̀ bọ̀ níhìn-ín, kí o wá yí ọkọ̀ padà. Fi ẹ̀yìn gùn ún, kí ẹrù lè tẹ uwájú mọ́lẹ̀.”

Mo wojú rẹ̀. Kí n fi ẹ̀yìn gun òkè, èmi tí mo ti fi gbogbo oṣù wọ̀nyẹn sọ̀rọ̀ eré? Lójú bàbá rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. A kó iṣu síwájú, òun náà wọlé jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí iṣu, mo ki jíà bọ ẹ̀yìn. Táyà gbá amọ̀ mú. Díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, a gùn ún, ó ń sọ fún mi pé kí n yà sọ́tùn-ún, kí n yà sósì. Ọ̀nà òkè náà tóóró, n kò ríbi yí padà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ẹ̀yìn wọ agbo ilé àna mi, tí àwọn ọmọdé ń hó lé mi lórí.

Ìyá ni kò jẹ́ kí ojú tì mí jù. Ó jáde láti ilé ìdáná, ó ní, “Ẹ yé é rẹ́rìn-ín. Àgbò tó bá fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.”

Bàbá yẹ iṣu wò, ó wò mí pẹ̀lú amọ̀ ara mi. “Mo ní kí o gbé e dé ulé,” ó ní. “N kò sọ ibi tí ojú rẹ gbọdọ̀ kọ sí. Kó ẹbí rẹ bọ̀.” Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé mo dọ̀bálẹ̀ sínú omi òjò.

Ọmọbìnrin náà ti di ìyá àwọn ọmọ mi báyìí. Ọkọ̀ Bàbá wà lábẹ́ igi máńgòrò, adìyẹ ló ń sùn nínú rẹ̀, nítorí orúnkún Bàbá kò gbé e mọ́, oko pàápàá, àwọn alágbàṣe ló ń ro ó. Bí iṣu bá gbó tó láti wà, èmi ni mo ń fi ọkọ̀ mi gbé Bàbá lọ wò ó. A ṣì ń jiyàn lọ́nà, kò tíì gbà fún mi rí.

Lọ́dún yìí, ilẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ tí a lọ. Bí a ṣe fẹ́ máa padà, mo kojú ọkọ̀ sókè. Bàbá fọwọ́ kàn mí lápá.

“Yí i padà.”

“Bàbá, ilẹ̀ gbẹ. Yóò gùn ún báyìí.”

“Mo mọ̀. Yí i padà.”

Mo yí i padà. Bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn gòkè, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń wo àwọn ebè rẹ̀ níwájú wa, bí wọ́n ti ń jìnnà sí wa. Ó ní, “Gbogbo ọdún tí mo fi wa ọkọ̀ tèmi, n kò rí oko mi báyìí rí bí mo bá ń lọ ulé.”

Mo rọra ń wà á lọ, títí àwọn obìnrin tó ń fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú igi ìdáná lórí fi kí wa, tí wọ́n sì kọjá wa lọ.