Oògùn Tí Mojọlá Ń Fún Bàbá Rẹ̀

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1985 ni Bàbá Adéoṣùn, àgbà télọ̀ kan ní Iléṣà, wá bá Mojọlá ọmọ wọn gbé ní Houston. Ìyàwó wọn ti kú, ilé sì ti dá páropáro mọ́ wọn lórí. Mojọlá náà kò ní ẹnì kan. Ọkọ rẹ̀ ti kó lọ sí California láti ọdún mẹ́ta. Bàbá àti ọmọ wá ń gbé inú apartment oníyàrá méjì ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Bí Mojọlá bá ti lọ sí kẹ́míìsì tó ti ń ṣe apòògùn, bàbá a jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọn a máa wo mọ́tò onímọ́tò títí dìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí wọ́n lè kí.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ọwọ́ bàbá méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Wọn ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹsẹ̀ wọn ń wọ́ nílẹ̀, ojú wọn le bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Dókítà wọn yẹ̀ wọ́n wò fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ó ní Parkinson's ni, àrùn tí kì í lọ.

Inú mọ́tò, bí wọ́n ti ń padà lọ sílé, ni bàbá ti sọ̀rọ̀.

"Mojọlá, dá mi padà sílé. N kò fẹ́ kú síbi tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ̀ pé mo ránṣọ rí."

Ọ̀rọ̀ dókítà kò wọ Mojọlá létí. Ohun tó kà nílé ẹ̀kọ́ ni pé ọwọ́ kan ni àrùn yẹn sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ìjọ ní kó gbàdúrà, kó yé bá dókítà jiyàn. Dèjì, ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́ tó ń gbé ní League City, sọ fún un lórí fóònù pé kò sọ́mọ tó ń fẹ́ gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ gbọ́. Mojọlá gbé fóònù sílẹ̀, kò pe ẹlòmíràn mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, obìnrin kan wá ra oògùn èébì. Mojọlá ṣí ìwé pẹlẹbẹ inú páálí rẹ̀, èyí tó ti rí láìmọye ìgbà láìkà á délẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pé oògùn náà lè mú kí ọwọ́ gbọ̀n, kí iṣan ara sì gan, gẹ́gẹ́ bíi ti alárùn Parkinson's. Oògùn yìí kan náà ni dókítà kọ fún bàbá nítorí inú tó ń rìn wọ́n, kété tí wọ́n dé. Mojọlá fúnra rẹ̀ ló ń fi sí wọn lọ́wọ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ó jókòó sórí páálí kan lẹ́yìn káńtà.

Ó mú ìwé náà lọ bá dókítà. Ọkùnrin náà kà á pẹ́, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn náà ló fà á, kí wọ́n dá a dúró, ṣùgbọ́n òun kò ṣèlérí kankan.

Nílé, Mojọlá kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo ń fún yín ní ohun tó ń mú ọwọ́ yín gbọ̀n yìí. Ó yẹ kí n ti mọ̀."

Bàbá nawọ́ fà á. "Dìde. Èmi ti gbà fún dókítà. Ìwọ ni o kò gbà."

Oṣù méjì kọjá, kò sí ìyàtọ̀. Láràárọ̀ ni Mojọlá ń wo bí ife tíì ṣe ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn. Lóṣù kẹta, ọwọ́ òsì kò gbọ̀n mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹrin, bàbá ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra wọn, wọ́n sì rán bùbá kan fún un, tí ọrùn rẹ̀ wọ́ díẹ̀.

Mojọlá ti rò pé wọn yóò dúró wàyí. Ṣùgbọ́n bí ara ṣe yá ni bàbá tún béèrè ilé, kò sì sí àìsàn tó lè fi dá wọn dúró mọ́. Ó fi mọ́tò gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ní apá Humble. Bàbá gbé àpótí wọn fúnra wọn.

"Wá ẹni tí wàá máa bá jẹun," ni wọ́n wí.

"Ó dáa, sà."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ará ìjọ béèrè bàbá. Mojọlá ní ara wọn ti yá, wọ́n ti lọ sílé. Gbogbo wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì bọ́ sínú mọ́tò wọn lọ. Ó jókòó sínú tirẹ̀ títí ibi ìgbọ́kọ̀sí fi ṣófo, kó tó ṣáná sí mọ́tò lọ sílé.