Ojú Tí Kò Wá Tépù Rí

Ojú-Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pe bàbá kan ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, orúkọ náà sì bá a mu. Bí mọ́tò bá fi ìka kan péré tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, yóò dúró níwájú rẹ̀, yóò di ojú kan, yóò sì sọ ibi tó ti wálẹ̀. Ó máa ń fi àwọn tó ń lo tépù ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé aṣọ ni wọ́n fẹ́ rán fún mọ́tò ni.

Àfi ìgbà tí mọ́tò ìyá aránṣọ dé. Mọ́tò ọ̀hún ti gbó lóòótọ́, àmọ́ bíréèkì nìkan ló tìtorí rẹ̀ gbé e wá. Ojú-Òṣùwọ̀n ló sọ fún un pé ẹ̀gbẹ́ òsì ti wálẹ̀, ló bá pààrọ̀ sípíríǹgì ibẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà padà wá, tó ní ọkọ̀ ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bàbá rí i pé òsì ṣì wálẹ̀, ó sì fi rọ́bà tó nípọn gbé e sókè. Láàárọ̀ yìí, ó tún ti dé. Ọ̀gá tó jogún ṣọ́ọ̀bù, tí Ojú-Òṣùwọ̀n lè bí lọ́mọ, ti là á mọ́lẹ̀ pé bí kò bá rí àrùn mọ́tò yẹn lónìí, kó kúkú máa lọ sinmi nílé.

Bàbá fara balẹ̀. Ó wọn afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n dọ́gba. Ó bu omi sínú àwo láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni kò tẹ́jú, omi náà kò ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti mọ́tò síwá sẹ́yìn kí sípíríǹgì lè jókòó dáadáa. Ó di ojú kan. Òsì ṣì wálẹ̀.

Ìyá aránṣọ kò bá a jà. Ó bọ́ tépù ọrùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọn ọ̀tún láti ilẹ̀ dé etí fẹ́ńdà lókè táyà, ó wọn òsì, ó sì tún méjèèjì wọ̀n, torí ojú ń tì í.

“Bàbá, òsì ló ga. Ó fi ìka méjì ga ju ọ̀tún lọ.”

Bàbá gba tépù, ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó dìde, ó tún wò ó. Lójú tirẹ̀, òsì náà ló ṣì wálẹ̀. Kò sóhun tó ṣe ìdúró mọ́tò yìí tẹ́lẹ̀, òun gan-an ló bà á jẹ́. Ọ̀gá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́ àpótí irinṣẹ́.

Lọ́sàn-án, ìyàwó Ojú-Òṣùwọ̀n bá a nílé níwájú fọ́tò ìgbéyàwó wọn tó wà lára ògiri. Ó ti na ọwọ́ láti tún un ṣe, bó ṣe ń ṣe láràárọ̀ láti ìgbà tó dìde nínú àìsàn ọdún tó kọjá. Ọwọ́ náà dúró sófuurufú.

“Ta ló máa ń gbé nǹkan yìí wọ́?”

Obìnrin náà sún mọ́ ọn.

“Ẹ̀yin ni, bàbá àwọn ọmọ. Bí ẹ bá ti jáde ni mo máa ń tún un ṣe.”

Ó ní kó wá fi bó ṣe gún han òun. Ìyàwó fọwọ́ kan férémù náà díẹ̀, obìnrin náà sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rí i. Bàbá wò ó títí, ó di ojú kan, ó ṣí i, ó di ìkejì. Wíwọ́ ló ń rí.